Kàtítà tí wọ́n fi ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bèèrè jù àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ló wà nísàlẹ̀ yìí. A to àwọn tó rọrùn síwájú, àwọn tó le tẹ̀ lé wọn. Kò sí èyí tó lè dípò ohun tí dókítà tó yẹ̀ yín wò bá sọ.

Ṣé kàtítà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ náà ni?

Rárá. Kàtítà ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, torí òun ni wọ́n máa ń rí lára aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Èyí tí à ń sọ níbí jẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò nínú, tó ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí nǹkan ti dí, ìbáà jẹ́ ní ọkàn, ní ọpọlọ, ní ẹ̀dọ̀fóró tàbí ní ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ni dókítà máa ń gbà fi àwọn irinṣẹ́ kéékèèké ránṣẹ́.

Èyí tí wọ́n ń lò jù fún iṣan ọkàn kò ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ ní ìbú. Wáyà tó ń ṣáájú àwọn irinṣẹ́ náà wọ inú iṣan kò tó ìdajì mílímítà.

Kí ló ń dí iṣan gan-an?

Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rá àti kálísíọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìpẹtà ṣe ń dí páìpù omi láti inú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá àti ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un yára. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ tó dì, èyí tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn méjèèjì sábà máa ń pàdé. Ọ̀rá tó ti wà lára iṣan ọkàn fún ọdún pípẹ́ lè bẹ́ lójijì, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á sì dí pátápátá. Bí ìkọlù ọkàn ṣe ń ṣẹlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ní ti rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè wá láti inú ọkàn tí kò lù déédéé, tàbí láti iṣan ọrùn, kó sì lọ há sínú ọpọlọ. Ní ti ẹ̀dọ̀fóró, inú iṣan ẹsẹ̀ ló ti sábà máa ń gbéra, lára ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ ní ọsibítù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí ẹni tó jókòó fún wákàtí púpọ̀ nínú bàálù.

Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde kò lè ṣe nǹkan kan fún kálísíọ́ọ̀mù tó ti le gbagidi.

Irú irinṣẹ́ wo ló wà, ta ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn?

Èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni ti Thomas Fogarty, ará Amẹ́ríkà. Kó tó di ìgbà tirẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú iṣan ẹsẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń la ẹsẹ̀ gbọọrọ láti wá a, ọ̀pọ̀ ló sì ń pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí. Fogarty gé orí ìka ìbọ̀wọ́ dókítà, ó sì so ó mọ́ ẹnu kàtítà kan tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà ìtọ̀. Gọ́ọ̀mù kò mú un, nítorí náà ó fi irú kókó tí àwọn apẹja ń ta sí ìwọ̀ dì í pinpin. Wọ́n á ti kàtítà náà kọjá ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n á fẹ́ bálúùnù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á wá rọra fà á padà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Ọdún 1963 ló kọ nípa rẹ̀ fún àwọn dókítà yòókù, wọ́n sì ń lò ó títí dòní.

Charles Dotter ló tẹ̀ lé e, ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1964, ó fi kàtítà fẹ iṣan ẹsẹ̀ ìyá àgbà ẹni ọdún 82 kan tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, tí ìyá náà sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun. Ẹsẹ̀ náà yè. Ní ọdún 1977, ní Zurich lórílẹ̀-èdè Switzerland, Andreas Gruentzig fi bálúùnù la iṣan ọkàn ẹni tó wà lójúfò fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú kíṣìnnì ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe àwọn bálúùnù náà fúnra rẹ̀.

Bálúùnù nìkan kò tó, nítorí iṣan tí wọ́n fẹ̀ sábà máa ń padà fún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe sítẹ́ǹtì, ìyẹn àwọ̀n irin kékeré tó ń dúró sínú iṣan kó má baà padà fún. Ọdún 1986 ni Jacques Puel ní Toulouse àti Ulrich Sigwart ní Lausanne kọ́kọ́ fi í sínú iṣan ọkàn èèyàn. Ní 1999, Eduardo Sousa ní São Paulo, Brazil, fi sítẹ́ǹtì tó ní oògùn lára sínú ọkàn aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Oògùn yẹn ń dènà kí ẹran hù dí ihò náà. Irú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n ń lò lónìí.

Àwọn mìíràn tún wà: kàtítà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì mu sínú ara rẹ̀, àwọ̀n tó ń gbá ẹ̀jẹ̀ dídì mú nínú ọpọlọ tí wọ́n á wá fà á jáde, kàtítà oníhò wẹ́wẹ́ tó ń kán oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ sórí ibi tó dì, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lẹ díámọ́ńdì wẹ́wẹ́ mọ́ lẹ́nu, tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan láti lọ kálísíọ́ọ̀mù tó le.

Ṣé wọ́n máa la àyà mi?

Wọn kò ní í là á. Ọrùn ọwọ́ tàbí òkè itan ni wọ́n máa ń gbà wọlé, ojú abẹ́rẹ́ sì ni. Wọ́n á gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ kú, wọ́n á ti wáyà wọlé, kàtítà á gorí wáyà, dókítà á sì máa wo ọ̀nà lójú ẹ̀rọ ẹ́síréè. Wọ́n á da oògùn kan sínú iṣan kí ó lè hàn lójú ẹ̀rọ. Ara yín lè gbóná lójijì tí oògùn yẹn bá wọlé, bíi pé ẹ ti tọ̀ sára. Kì í pẹ́ lọ.

Fún ọkàn àti ẹsẹ̀, ojú yín á là sílẹ̀, ẹ ó sì lè bá wọn sọ̀rọ̀. Fún ọpọlọ, nígbà mìíràn wọ́n á mú aláìsàn sùn pátápátá, torí kò gbọ́dọ̀ mira.

Ṣé ó máa ń dunni?

Ẹ ó mọ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lára. Ẹ kò ní í mọ̀ ọ́n lára bí kàtítà ṣe ń rìn nínú iṣan. Nígbà tí bálúùnù bá fẹ̀ nínú ọkàn, àyà lè fún yín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ sọ fún wọn, ẹ má ṣe fara dà á.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé pàjáwìrì ni?

Ọpọlọ: ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan tó kú lójijì, ọ̀rọ̀ tó dàrú tàbí tí kò jáde, ojú tó ṣókùnkùn lójijì, òyì tí kò jẹ́ kéèyàn lè dúró. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó sọ gbólóhùn kan. Bí kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ẹ gbéra. Kí ẹ sì wo aago, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi yín ni pé ìgbà wo ni ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì pé.

Ọkàn: àyà tó fún tàbí tó wúwo, tí ìrora náà ń gba apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, pẹ̀lú òógùn tútù, èébì tàbí èémí tó ń já. Lára àwọn obìnrin àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó lè má jẹ́ ìrora rárá; ó lè jẹ́ àárẹ̀ ńlá tàbí inú tó dà bíi pé ó kún fún afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é ní ọgbẹ́ inú, wọ́n á mu oògùn ọgbẹ́ inú, wọ́n á lọ sùn. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe nìyẹn.

Ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ kan tó tutù lójijì, tó funfun ju èkejì lọ tàbí tó ṣú, tó ń dunni gidigidi, tí ó sì ń kú. Ẹ̀dọ̀fóró: èémí tó já lójijì, àyà tó ń gún yín bí ẹ bá mí sínú, ìdákú, pàápàá bí ẹsẹ̀ kan bá ti wú ṣáájú.

Wákàtí mélòó la ní?

Ní ti ọkàn, ète ni pé kí iṣan là láàárín ìṣẹ́jú 90 sí 120 tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ìkọlù ọkàn ni. Bí ibi tí wọ́n ti ń fi kàtítà ṣe é bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Àǹfààní oògùn náà pọ̀ jù ní wákàtí àkọ́kọ́, ó sì ń dínkù títí di wákàtí 12.

Ní ti ọpọlọ, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé bí iṣan ńlá bá dí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ (àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó para pọ̀ di ọpọlọ) ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Kàtítà ní wákàtí 6, ṣùgbọ́n láti ọdún 2018, lẹ́yìn ìwádìí DAWN àti DEFUSE 3, wọ́n lè ṣe é títí di wákàtí 24 fún àwọn tí àwòrán ọpọlọ bá fi hàn pé ibi tó ṣì lè yè pọ̀. Ẹ má fi wákàtí 24 yìí ṣe ìdí láti dúró di àárọ̀. Àwọn tí ọpọlọ wọn lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ láìya àwòrán.

Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ní nǹkan bíi wákàtí 6 kí ẹran rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ṣé ká fún un ní aspirin kó tó dé ọsibítù?

Fún àyà tó ń dunni bí a ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ lókè, bẹ́ẹ̀ ni: aspirin mílígíráàmù 300, kó rún un lẹ́nu, àyàfi bí ara rẹ̀ kò bá gbà á tàbí tí inú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún rọpárọsẹ̀, rárá o. Kì í ṣe gbogbo rọpárọsẹ̀ ni iṣan tó dí ń fà. Nígbà mìíràn iṣan ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ, aspirin á sì bà á jẹ́ sí i. Àwòrán ọpọlọ, bíi CT scan, nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Ẹ má fún un ní omi, àgbo, òróró tàbí oúnjẹ, nítorí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè ti kú, ohun tẹ́ ẹ bá fún un á sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹbí ní ká dúró de ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó fọwọ́ sí i. Ṣé ó burú?

Ó burú, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn. Mo mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń sanwó ló yẹ kó gbọ́. Ẹ pè é láti inú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí fóònù rẹ̀ kò bá lọ, kí ẹni tó bá aláìsàn dé ọsibítù fọwọ́ sí ìwé. Bí aláìsàn bá ṣì lè sọ̀rọ̀ tó sì mọ ohun tó ń sọ, òun fúnra rẹ̀ ló ni ìpinnu.

Ohun tó dára jù ni pé kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ nílé kí àìsàn tó dé. Bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè sọ lónìí pé, "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí mi, Fọlákẹ́ ni kó fọwọ́ sí i." Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Wọ́n ní kì í ṣe ojú lásán, pé wọ́n ta á lófà ni. Kí la máa ṣe?

Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbàdúrà náà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ọsibítù. Ohunkóhun tí ẹ bá gbà pé ó fà á, iṣan tó dí wà níbẹ̀, ó ń hàn nínú àwòrán, ó sì ṣe é là bí ẹ bá tètè dé. Àlùfáà tàbí wòlíì tó bá fẹ́ràn yín ní tòótọ́ kò ní sọ pé kẹ́ ẹ gbé e wá sórí òkè kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣé kàtítà fún rọpárọsẹ̀ ṣiṣẹ́ ní tòótọ́?

Ó ṣiṣẹ́, fún ẹni tí iṣan ńlá ọpọlọ rẹ̀ dí. Fún ọdún mélòó kan, àwọn dókítà ṣiyèméjì, torí àwọn irinṣẹ́ àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Àfi nígbà tí ìwádìí MR CLEAN jáde láti orílẹ̀-èdè Netherlands, tí mẹ́rin mìíràn sì tẹ̀ lé e ní 2015. Nínú MR CLEAN, aláìsàn 500 ni wọ́n tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ọjọ́ 90, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lo kàtítà fún, nǹkan bíi 33 ló lè dá ṣe nǹkan fúnra wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọn kò lò ó fún, nǹkan bíi 19.

Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dìde. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí fún yín pé ẹnu tó wọ́ á padà lójú ẹsẹ̀ ń sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Rọpárọsẹ̀ tó wá láti iṣan kéékèèké, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sábà ṣe iṣẹ́ kàtítà.

Ibo la ti lè ṣe é ní Nàìjíríà?

Ti ọkàn ló rọrùn jù láti rí. Èkó àti Àbújá ní ọsibítù bíi mélòó kan tó ní yàrá àti ẹ̀rọ rẹ̀, ìjọba àti aládàáni. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ náà, ní ọsibítù ńlá Yunifásítì Babcock, wọ́n ń fi bálúùnù àti sítẹ́ǹtì la iṣan ọkàn. Ti ọpọlọ ṣọ̀wọ́n gan-an, torí ó ń bèèrè dókítà tó kọ́ ọ ní pàtó, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, àti iná tí kò ní í lọ.

Nítorí náà, ẹ má dúró di ọjọ́ àìsàn. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ọkàn tí kò lù déédéé, ẹ lọ bèèrè ní ọ̀sẹ̀ yìí: ọsibítù wo nítòsí wa ló ní CT scan tó ń ṣiṣẹ́ lóru? Èwo ló ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì? Èwo ló ń lo kàtítà fún ọkàn? Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn mọ́ ara ògiri. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, 999. Ní Amẹ́ríkà, 911.

Owó ńkọ́?

Òkè òkun ni púpọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ náà ti ń wá, nítorí náà iye wọn ń bá dọ́là lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: iye sítẹ́ǹtì kan, iye tí wọ́n rò pé wọ́n máa lò, owó bálúùnù, owó bẹ́ẹ̀dì, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ sì ṣírò owó oògùn ọdún kan mọ́ ọn, torí sítẹ́ǹtì tí kò sí owó oògùn rẹ̀ jẹ́ ewu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé ìbánigbófò ìlera, ẹ bèèrè kí ẹ tó ṣàìsàn bóyá ó gbé irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ kì í gbé e.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tàbí ibi tó wú níbi tí wọ́n gbà wọlé. Ewu yìí kéré sí i bí wọ́n bá gba ọrùn ọwọ́ ju òkè itan lọ. Oògùn tó ń mú kí iṣan hàn lè pa kíndìnrín lára, pàápàá bí kíndìnrín náà kò bá le tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ṣáájú bí àyè bá wà. Bí ẹ bá ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá a dúró fún ọjọ́ méjì. Ẹ sọ bí ara yín bá ti kọ irú oògùn àwòrán bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tó burú: iṣan lè ya, ẹ̀jẹ̀ dídì lè já kó lọ dí ibòmíì, ọpọlọ lè ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá padà délé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ojú abẹ́rẹ́, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ gidigidi láìgbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ọsibítù. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bá tutù tàbí tó kú, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ti fi sítẹ́ǹtì sí mi, ara mi sì ti yá. Ìgbà wo ni mo lè dá oògùn dúró?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi lórí ojú ewé yìí. Irin tuntun nínú iṣan ń pe ẹ̀jẹ̀ pé kó wá dì lé òun lórí, títí di ìgbà tí awọ inú iṣan bá bò ó. Oògùn méjì, aspirin àti èkejì bíi clopidogrel tàbí ticagrelor, ló ń dènà rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ lo méjèèjì. Bí kò bá ti ìkọlù ọkàn wá, oṣù 6 ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa bá ọ̀kan lọ, ní ọ̀pọ̀ ìgbà títí ayé. Dókítà yín lè dín in kù bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tètè dà lára rẹ̀.

Bí sítẹ́ǹtì bá dí lójijì nítorí pé ẹ dá oògùn dúró, ìkọlù ọkàn ńlá ló máa ń jẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì là á já. Nítorí náà: bí oníṣègùn eyín bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró, ẹ ní kó kọ́kọ́ pe dókítà ọkàn yín. Bí owó oògùn bá tán, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó tán, torí ó lè yí i sí èyí tí kò wọ́n. Bí ẹ bá ń gba ààwẹ̀, ẹ lò ó nígbà sààrì tàbí ìṣínu. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójoojúmọ́, ẹ lo méjèèjì ní ìgbà méjèèjì yẹn, kí dókítà yín sì mọ̀ sí i. Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ara yín ti yá kò sọ oògùn di aláìwúlò.

Ṣé àgbo lè fọ dídí inú iṣan kúrò?

Kò sí àgbo, tíì tàbí omi aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń la iṣan tó ti dí. Àwọn tó ń polówó "afọ-iṣan" lórí rédíò kì í fi àwòrán ṣáájú àti lẹ́yìn hàn yín. Àwọn ewé kan tún lè bá oògùn jà. Àwọn kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, àwọn mìíràn lè sọ oògùn di aláìlágbára. Bí ẹ bá ń mu nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Aáyù tó wà nínú ọbẹ̀ kò sí lára ohun tí mò ń sọ.

Ṣé mo lè wọ bàálù, ṣé mo lè ṣe MRI (àwòrán ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ òòfà yà)?

Ẹ lè ṣe méjèèjì. Sítẹ́ǹtì kì í sábà mú kí ẹ̀rọ pápákọ̀ òfurufú dún. Ọ̀pọ̀ sítẹ́ǹtì ọkàn òde òní kò ní ìṣòro pẹ̀lú MRI, ṣùgbọ́n ẹ mú káàdì rẹ̀ dání kí wọ́n wò ó. Fún ìrìn àjò lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, ẹ bèèrè ọjọ́ tó yẹ lọ́wọ́ dókítà.

Wọ́n rí dídí nínú iṣan ọkàn mi nígbà àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n n kò ní ìrora. Ṣé kí n fi sítẹ́ǹtì sí i?

Ẹ farabalẹ̀. Nínú ìkọlù ọkàn, kàtítà ń gba ẹ̀mí là. Lára ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwádìí COURAGE ní 2007 àti ISCHEMIA, tó jáde ní 2020 pẹ̀lú aláìsàn 5,179, fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà nípò yìí, sítẹ́ǹtì tàbí iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀ kò dín ikú kù ju oògùn tó péye lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ìrora àyà kù fún ẹni tó ní in.

Àwọn kan wà tí èyí kò kàn: ẹni tí iṣan ńlá òsì ọkàn rẹ̀ dí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an, ẹni tí ìrora rẹ̀ kò gbọ́ oògùn. Ẹ bi dókítà ní tààrà: "Ṣé èyí máa jẹ́ kí n pẹ́ láyé, tàbí ó máa dín ìrora mi kù ni? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá kọ́kọ́ lo oògùn?" Dókítà tó dára kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Kí ló dé tí wọn kò kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde nínú ọkàn kí wọ́n tó fi sítẹ́ǹtì?

Ó jọ pé ó yẹ kó ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò lára èèyàn púpọ̀. Ìwádìí TASTE, ní 2013, tẹ̀ lé aláìsàn tó lé ní 7,000. Ìwádìí TOTAL, ní 2015, tẹ̀ lé èyí tó lé ní 10,000. Fífà á jáde fún gbogbo èèyàn kò dín ikú kù, TOTAL sì rí i pé rọpárọsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Láti ìgbà náà, wọ́n ń fi í mọ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti pọ̀ jù.

Ẹsẹ̀ mi wú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan rẹ̀. Ṣé kàtítà ni?

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ni eléyìí, kì í ṣe èyí tó ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti tó. Ìwádìí ATTRACT ní 2017 fi hàn pé fífi kàtítà àti oògùn yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà kò dín wíwú àti ìrora ọjọ́ iwájú kù lápapọ̀, ó sì mú kí ẹ̀jẹ̀ dídà pọ̀ sí i. Kàtítà wà fún ẹsẹ̀ tó wà nínú ewu, àti fún àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ dídì wọn ga dé inú ìbàdí. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ti lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sì ń já wálẹ̀, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí kàtítà di kíákíá.

Ọmọ wa tó jẹ́ SS ní rọpárọsẹ̀. Ṣé kàtítà ló máa là á?

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún un kì í sábà jẹ́ kàtítà. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń yára pààrọ̀ tàbí fà sí i lára, kí ẹ̀jẹ̀ SS inú ara rẹ̀ lè dínkù. Iṣan ọpọlọ àwọn ọmọ yìí ń fún láti inú, ìdí rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà.

Èyí tó dára jù lè ṣẹlẹ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré ṣe ní ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, láìsí abẹ́rẹ́, láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú ọpọlọ. Wọ́n ń ṣe é ní UCH Ìbàdàn. Láti ọmọ ọdún 2 ló yẹ kí ọmọ SS máa ṣe é. Bí eré ẹ̀jẹ̀ náà bá pọ̀ jù, fífa ẹ̀jẹ̀ sí i lára déédéé tàbí oògùn hydroxyurea lè dín ewu náà kù gidigidi. Ẹ̀yin òbí ọmọ SS, ẹ bèèrè fún un ní kíníìkì tó ń bọ̀.

Ṣé wọ́n lè lo kàtítà tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíì fún mi?

Wọ́n ń kọ ọ́ sára púpọ̀ jù nínú wọn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n lò ó. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ti ń wọ́n, àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń fọ àwọn irinṣẹ́ kan, wọ́n á sì tún wọn lò. Bálúùnù tí wọ́n bá tún lò lè bẹ́ ní ibi tí kò yẹ, ihò kàtítà sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó ṣòro láti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì kúrò nínú rẹ̀ tán. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bóyá tuntun ni, láti rí páálí rẹ̀, kí ẹ sì gba káàdì sítẹ́ǹtì tí wọ́n fi sí yín, tó ní orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ bèèrè kí wọ́n tó wọlé, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ má sì sanwó kíkún fún irinṣẹ́ tí wọn kò lè fi páálí rẹ̀ hàn yín.